Kọ́kọ́ Gbé E Sétí

Ìtùnú, jókòó. Gbé àpò rẹ sórí àpótí yẹn,
má gbé e sórí tábìlì mi.
Nọ́ọ̀tì inú aago kò tó ẹyọ ìrẹsì,
bó bá já bọ́, ó di ti èèrà.

Àlàmísì kẹfà rèé tí o ti ń yà sí ìsọ̀ mi
ní Òkè-Fìà níbí, lọ́sàn-án gangan,
pẹ̀lú ìwé pélébé tí iná ń jó lójú rẹ̀.
Mi ò ya ọ̀kan rí. Wò ó,
inú wọn ni mo ń pọ́n nọ́ọ̀tì sí bí ẹni pọ́n ẹ̀kọ.
Èyí tó ń béèrè pé, "Níbo lo ó wà lálẹ́ òní?"
ìdajì aago Alájì Múnírù ló wà níbẹ̀.

O kì í kí mi tán tí o fi ń bi mí bóyá mo ti rí ìgbàlà.
O ò bi mí rí bóyá mo ti jẹun.
O ò bi mí ohun tó mú kí ẹsẹ̀ mi wú.
O rí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ mi,
o rò pé o ti mọ̀ mí tán,
bí ẹni tó wo ojú aago lásán
tó ní òun ti rí ìfun rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́ ọ níṣẹ́ díẹ̀, mi ò ní gbowó.
Bí wọ́n bá gbé aago wá, má tíì mú irin.
Kọ́kọ́ gbé e sétí.
Òmíràn ò kú, ẹni tó ni ín ni ò rántí yí i.
Òmíràn ń lọ geere,
tọwọ́ tìrẹ gan-an ló ń sáré.
Bí olóhun bá sì ní òun ò tún un ṣe mọ́,
dá a padà fún un bó ṣe wà.
Má fi ìka ti ọwọ́ rẹ̀ síwájú
nígbà tó bá yíjú.

Kì í ṣe ọgbọ́n ni mo fi mọ̀ ọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ ni.
Ìyá ìyàwó mi, Ọ̀ṣúngbèmí, bá wa gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ìkòkò kékeré kan wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀,
omi odò ló wà nínú rẹ̀.
Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-kéú dé, ara mi ń gbóná.
Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀ kan mo gbé ìkòkò,
mo da omi náà sí gọ́tà,
mo wá dúró kó pariwo.
Ó kàn wo ilẹ̀ tó tutù.
Ó mú kèrègbè, ó gba ọ̀nà odò lọ,
ẹni àádọ́rin ọdún, nínú ìrì.
Nígbà tó dé, ó po ẹ̀kọ gbígbóná fún mi.
Ó ní, "Mu ún kíá, kí Jímọ́ọ̀ má bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

Ó di ọdún méjìlélógójì.
Mo ti gbọ́ wáàsí tó pọ̀ ju irun orí mi lọ,
kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ẹ̀kọ yẹn.
Ó kú kí n tó tọrọ àforíjì.

Gbogbo èyí ni mo tò sẹ́nu dè ọ́
láti Àlàmísì tó kọjá.

Ṣùgbọ́n o dé láìgbé ìwé.
Ojú rẹ pọ́n. O na aago kan sí mi,
o ní ti bàbá rẹ ni,
pé nọ́ọ̀sì ló bọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀
ní ọsibítù Aṣúbíaró, lóru àná.

O ò béèrè ibi tí màá wà lálẹ́.
Èmi náà ní hádíìsì kan lẹ́nu
tó bá ọ̀rọ̀ rẹ mu rẹ́gí. Mo gbé e mì.
Mo gbé aago náà sétí,
mo gbé e sí ìwọ náà létí.
Kò dún.
A jókòó tì í bẹ́ẹ̀, ọ̀kadà ń han lójú títì,
títí ládàánì fi pe ìrun ọ̀sán.

Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.
O ní, "Bàbá, ẹ lọ kírun.
Màá bá yín ṣọ́ ìsọ̀."